Ọjọ́ tí Ògiri Jẹ́ ti Àwọn Ọmọdé

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé mi ò tíì jókòó dáadáa láti ìgbà tí ẹ ti dé, mo sì rí i bí ẹ ṣe ń fojú bára yín sọ̀rọ̀ pé kí ló ń ṣe bàbá. Kò sí ohun tó ń ṣe mí. Ara mi ni kò balẹ̀. Láti ọjọ́ tí Jímọ̀, ọmọ àbúrò mi tó ń mójú tó ilé yìí, ti wá sọ fún mi pé òun fẹ́ lẹ táìlì mọ́ ògiri iwájú ilé wa ni mi ò ti gbádùn ìjókòó mọ́. Ẹ̀yin á ní, ṣé nítorí táìlì lásán? Ẹ fara balẹ̀, kí èmi tí n kò lè fara balẹ̀ sọ ọ́ fún yín.

Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó ń lẹ ohunkóhun mọ́ ògiri ní Ìsàlẹ̀ Èkó wa níbí. Ẹfun la fi ń kùn ún. Bí Iléyá bá ti ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á po ẹfun sínú àgbá ńlá ní àgbàlá, wọ́n á máa fi igi rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu, wọ́n á sì kun ilé látòkè délẹ̀ kí àlejò tó dé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tó ṣáájú ọjọ́ ẹfun. Lọ́jọ́ náà, ògiri iwájú ilé di ti àwa ọmọdé. Ọjọ́ Ògiri la ń pè é. Láti ìgbà tí àwọn àgbà bá ti kírun àárọ̀ tán títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ ṣú, ohun tó bá wù wá la lè yà síbẹ̀, ohun tó bá wù wá la lè kọ. Ta ni yóò bínú? Ẹfun ń bọ̀ lọ́la, yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èédú la fi ń fa ìlà. Búlúù tí àwọn ìyá wa fi ń fọ aṣọ funfun la ń pò mọ́ omi, òun la fi ń ya ojú ọ̀run àti ọ̀sà. Osùn ni pupa wa. Àwọ̀ ewé kò sí, àfi ìgbà tí Filomẹ́nà bá wá. Filomẹ́nà yìí, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ọmọ Àgùdà láti Lafiaji. Bàbá rẹ̀ ló ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe òdòdó sórí fèrèsé àwọn ilé ńlá, ìsàlẹ̀ agolo ọ̀dà rẹ̀ ni ọmọ náà ti ń ha àwọ̀ ewé wá fún wa. Wọn ò ṣọdún Iléyá nílé wọn, ṣùgbọ́n kò sí Ọjọ́ Ògiri kan tó bá Filomẹ́nà nílé. Bó bá di ìgbà Kérésìmesì, àwa náà á kó ara wa lọ sí Lafiaji lọ bá wọn lẹ bébà mọ́ ìbòjú kàrẹ́tà tí wọ́n fi ń jó kiri òpópó. Ìyá mi a máa ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀sìn wo lẹ tilẹ̀ ń ṣe?" Á máa rẹ́rìn-ín, á tún máa di oúnjẹ fún wa pé ká gbé e dání.

Lọ́dún kan, wọ́n so àgbò Iléyá mọ́ ibi tó sún mọ́ ògiri jù. Àgbò funfun báláú. Ara ń yún un, ló bá fara ha gbogbo ọ̀sà tí mo yà, ó fara ha osùn, ó tún fara ha àwọ̀ ewé Filomẹ́nà. Nígbà tí wọ́n ń fà á jáde lọ mumi, àwọn ará àdúgbò dúró sójú ọ̀nà wọ́n ń bèèrè pé Ọlọ́run wo ló dá irú àgbò yìí. Bàbá mi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, búlúù kò kúrò lára rẹ̀ títí tí wọ́n fi pa á.

Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n ti fèrèsé yìí. Jẹnẹrétọ̀ wọ̀nyẹn ò ní jẹ́ ká gbọ́ra wa. Nígbà tiwa, etí lèèyàn fi ń mọ àsìkò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ ó gbọ́ ìpè ìrun, ẹ ó gbọ́ agogo ńlá ní CMS, ẹ ó gbọ́ ìyá elépo kẹrosíìnì bó ṣe ń fi ìdí agolo lu ara wọn. Lónìí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn tó ń tajà ní Ìdúmàgbò ló ń jí mi, òun náà ló ń gbé mi sùn. Mi ò ní kí wọ́n má tajà. Ọmọ mi obìnrin náà ń tajà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo náà pọ̀ jù fún ọmọdé tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí inú ara rẹ̀ ń sọ.

Níbo ni mo dé? Mo fẹ́ sọ òfin Ọjọ́ Ògiri fún yín, nítorí òun gan-an lọ̀rọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà, orí àwọn àgbà ni wọ́n sì gbé e kà, kì í ṣe orí wa. Àgbàlagbà kankan kò gbọdọ̀ dúró níwájú àwòrán ọmọdé kó bi í pé, "Kí lèyí?" Kò gbọdọ̀ sọ pé ẹṣin ni tàbí pé ajá ni. Kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Yóò dúró ni, yóò dákẹ́. Bó bá wu ọmọ náà, nígbà tó bá wù ú, yóò ka àwòrán rẹ̀ fún un. Kíkà la ń pè é, àfi bí ẹni pé ìwé ni. Lẹ́yìn tó bá kà á tán, wọ́n á kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ ní í bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ kọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi, kí n tó dé ilé ìwé rárá. Kékeré ni ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Àwa, kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ohun tó wà nínú orí wa tó ohun tí àgbà á dúró gbọ́.

Ìwé ẹ̀pà náà ńkọ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bébà ìròyìn tàbí ìwé àtijọ́ tí wọ́n ti fà ya ni àwọn ìyá ẹlẹ́pà fi ń pọ́n ẹ̀pà sísun. Bí a bá ti jẹ ẹ̀pà tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju bébà náà nù. A ó tẹ́ ẹ sórí itan, a ó kà á sókè. Ẹ ó rí i pé ọkùnrin kan wọkọ̀ ojú omi, ẹ ó rí i pé ìjì dé, ibẹ̀ ni bébà á ya. Ó tán. Ọ̀rọ̀ wá di tiwa nìyẹn. Ẹnì kan á ní ọkọ̀ náà rì, ẹlòmíràn á ní ọkùnrin náà di ọba sí erékùṣù kan tí ẹja ti ń sọ̀rọ̀. A lè jà sí i títí wọn ó fi pè wá jẹun alẹ́. Nígbà tí mo dàgbà, ibi ìtẹ̀wé kan nítòsí CMS ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ka ìwé tó pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Èyí tó ya yẹn ló kọ́ mi ní ìwé kíkà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, Ràbí lorúkọ rẹ̀. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba Ọjọ́ Ògiri jẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Lọ́dún náà, wọ́n ti kéde pé Ẹ̀yọ̀ máa jáde, gbogbo Èkó ń múra, kò sì sí ọmọdé kan tí kò mọ èèwọ̀ Ẹ̀yọ̀. Ẹ kì í wọ bàtà níbi tó bá wà. Ẹ kì í di ṣùkú. Ẹ kì í gun kẹ̀kẹ́. A ti gbọ́ ọ ká tó mọ̀ ọ́n rìn. Kí ni Ràbí ṣe? Ó mú èédú, ó mú ẹfun, ó ya Ẹ̀yọ̀ ńlá kan sáàárín ògiri, agbádá rẹ̀ balẹ̀, akẹtẹ̀ rẹ̀ dúró ṣánṣán. Àfi bó ṣe wọ̀ ọ́ ní bàtà aláwọ, tó sì gbé e gun kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀rù bà wá tó bẹ́ẹ̀ tí Filomẹ́nà fi aṣọ rẹ̀ bo àwòrán náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Àwọn àgbà ti ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, bàbá kan láti ilé kejì ló ṣáájú wọn, ẹni tí ọ̀rọ̀ Ẹ̀yọ̀ jẹ́ ti ìdílé rẹ̀. Ó dúró, ó na ọ̀pá.

"Ta ló ya èyí? Ta ló ń fi ohun tó ni Èkó ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ràbí kò sá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀. Bàbá náà ní kí wọ́n gbé ẹfun jáde lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n na ọmọ náà, kí Ọjọ́ Ògiri sì tán láti ọjọ́ yẹn lọ, nítorí òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àkẹ́jù ni. Àwọn mìíràn ń mi orí sí i. Èmi ti ń sunkún ní tèmi, torí ohun tó ń dùn mí jù kì í ṣe ẹgba Ràbí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Ògiri wa tó fẹ́ lọ ló ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí ilé nígbà náà. Bàbá Ńlá la ń pè é. Ó gbé àga rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó gbé e síwájú Ẹ̀yọ̀ oníkẹ̀kẹ́ náà, ó jókòó. Ó wá sọ pé:

"Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó dákẹ́. Ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ó máa kà á."

Wọ́n dákẹ́. Nígbà tí Ràbí sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré, ó ní: "Ẹ̀yọ̀ yìí ti parí ìrìn. Àtàárọ̀ ló ti ń súre fún àwọn ènìyàn. Ilé rẹ̀ jìnnà, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ìyá rẹ̀ sì ń dúró dè é. Ó yá bàtà, ó yá kẹ̀kẹ́, kó lè bá ìyá rẹ̀ lójúfò."

Bàbá ọlọ́pàá, ẹ má rò pé ọlọ́pàá ìjọba ni mo ń wí, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀, ó wo Ràbí, ó wo àwòrán. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. "Èèwọ̀ ṣì ni èèwọ̀," ló wí. Bàbá Ńlá dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́la, ẹfun á bò ó. Lónìí, ọmọdé ló ni ògiri." Bàbá náà yí padà, ó ń lọ, ó tún dúró. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ máa ń dùn wá lóòótọ́ o." Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀, Èkó náà ò sì gbọdọ̀ gbẹ́yìn.

Ràbí ti lọ bá àwọn tó lọ. Tíṣà ló ṣe jálẹ̀ ayé rẹ̀. Ẹfun náà lọ, ọ̀dà dé, ọ̀dà kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń kùn lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́ Ògiri ṣe ń yẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ tí kò sẹ́ni tó sọ pé ó dópin. Ọmọ mi obìnrin, Sìdí, wà lára àwọn tó ṣe èyí tó kẹ́yìn. Ó kéré nígbà náà. Mi ò mọ̀ bóyá ó tilẹ̀ rántí.

Ọmọ Sìdí ló kọ́kọ́ sọ ara mi di aláìbalẹ̀, kí ọ̀rọ̀ táìlì tó dé. Súlíà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn ìwé ni ọmọ náà ti ń yàwòrán tẹ́lẹ̀, á ya, á sì máa bá ohun tó yà sọ̀rọ̀ lábẹ́ ètè. Lọ́jọ́ kan ní lẹ́sìn tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ilé ìwé, tíṣà já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè fún gbogbo kíláàsì, ó ní, "Kí lèyí?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, Súlíà kò ya nǹkan kan mọ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, ojú yín ni yóò kọ́kọ́ wò bóyá ìdáhùn wà níbẹ̀. Ó dùn mí wọra. Mo bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Sìdí ní, "ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì ló wà níwájú ẹ̀. Àwòrán ò ní bá a ṣe maths. Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara mi mú mi. Mo lè wọlé kí n jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìmú nǹkan kan. Àsìkò yẹn gan-an ni Jímọ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ táìlì. Ó ní táìlì kì í gba ìdọ̀tí, ẹ kàn máa fi àkísà nù ún ni, gbogbo ẹ̀ á ti lọ. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọjọ́ kan péré kí onítáìlì tó bẹ̀rẹ̀.

"Ọjọ́ kan fún kí ni, Bàbá?"

"Fún ògiri," mo ní.

Ó wò mí bí ẹ ṣe ń wò mí yìí, ṣùgbọ́n ó gbà.

Sátidé ni. Mo kó àwọn ọmọ ilé jọ, mo kó èédú àti búlúù àti osùn kalẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ògiri di tiyín. Wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Bàbá, kí la máa yà?" Mo ní ohun tó bá wù yín. Wọ́n ní, "Bíi kí ni?" Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Láyé tiwa, ìjà ibi tí kálukú máa yà sí là ń jà. Nígbà tó yá, èyí tó dàgbà jù nínú wọn fa fóònù yọ, ó wá àwòrán mọ́tò kan, ó ń wò ó ó ń yà á. Àwọn tó kù gbárùkù tì í. Kò pẹ́ tí mọ́tò kan náà fi kún ògiri, mọ́tò lẹ́yìn mọ́tò. Súlíà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Ahọ́n ń yún mi láti sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ gba fóònù yẹn. Mo fẹ́ fi èédú sí Súlíà lọ́wọ́ tipátipá. Mo dìde, mo jókòó, mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo padà. Níkẹyìn mo sọ ìtàn Ràbí fún wọn, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí Ẹ̀yọ̀ oníkẹ̀kẹ́. Súlíà kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, "Kò sẹ́ni tó bi í pé kí lèyí?" Mo ní kò sí. "Ẹnì kankan?" Mo ní ẹnì kankan.

Mo wọlé lọ kí ìrun Làásárì. Nígbà tí mo jáde, ó ti wà nídìí ògiri, níbi igun tí mọ́tò kò dé. Ó fi gbogbo ọwọ́ kó búlúù. Ohun gígùn kan ni, ó ní ẹsẹ̀ púpọ̀, ó ní àwọn ihò kéékèèké bíi fèrèsé, ènìyàn wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Kí ni nǹkan náà? Mi ò mọ̀. Mo gbé àga mi síbẹ̀, mo jókòó, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó tún ti ń bá a sọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ló ń lé wa bọ̀. Onítáìlì dé pẹ̀lú òòlù àti àpò sìmẹ́ǹtì, ó ní òun fẹ́ ṣá ojú ògiri náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn kí táìlì lè mú un láàárọ̀. Bó ṣe ń tú irinṣẹ́ rẹ̀ ni Sìdí ń ti Ìdúmàgbò bọ̀, ẹrù lórí. Ó rí ògiri. Ó rí ọmọ rẹ̀, búlúù dé ìgúnpá, búlúù lára aṣọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó rìn lọ bá a, mo sì rí i tó la ẹnu.

"Súlíà, kí l..."

Mi ò sọ nǹkan kan, mo fi Ọlọ́run búra. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó dúró síwájú ohun tí ọmọ yà, ó ń wò ó. Ó rántí.

Súlíà kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Mi ò tíì parí."

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa yẹra díẹ̀," ni onítáìlì wí, ó ti gbé òòlù. "Ilẹ̀ ń ṣú."

Sìdí bọ́ sáàárín ọkùnrin náà àti ògiri. "Ẹ jókòó ná, ọ̀gá," ló wí. "Ẹ ò gbọ́ ni? Ọmọ mi ò tíì parí."

Ọkùnrin náà wo ògiri, ó wo ọmọ, ó sì jókòó lé àpò sìmẹ́ǹtì rẹ̀.